Láàbù méjì, iye méjì: èwo ni kí n gbà nípa ilẹ̀ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gẹ́ àti ata ni mò ń gbìn. Mo pín erùpẹ̀ oko mi sí méjì, mo gbé e lọ sí láàbù méjì. Àwọn méjèèjì ní pH rẹ̀ (ìwọ̀n kíkan ilẹ̀: bó bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe kan tó) jẹ́ 4.9, ṣùgbọ́n ọ̀kan ní CEC jẹ́ 9, èkejì ní 4 péré. Ta ni kí n gbà gbọ́? – Ìyá àgbẹ̀ kan, Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o, Ìyá wa. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì jàre.

Ara amọ̀ ló ń di kálísíọ̀mù, potáṣíọ̀mù àti oúnjẹ ọ̀gbìn mìíràn mú. CEC ni iye àyè tó ní fún wọn, bí ìjókòó inú ọkọ̀. Láti ka ìjókòó náà, a máa ń lé gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, ká fi irú èrò kan ṣoṣo kún un. Ammonium ni èrò yẹn. A ó da ammonium acetate tí pH rẹ̀ jẹ́ 7 sí erùpẹ̀ tó ti gbẹ, a ó fi ethanol ṣan èyí tí kò ríbi jókòó dànù, a ó wá lé èyí tó jókòó jáde, ká wọ̀n ọ́n. Ibi ṣíṣàn yẹn ló le jù: bí kò bá tó, iye á ga ju bó ṣe yẹ lọ, bó bá pọ̀ jù, èyí tó jókòó náà á bá omi lọ. Tí a bá sè é, atẹ́gùn ammonia á wọnú boric acid tí a ti fi aró atọ́ka sí, àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ á di àwọ̀ ewé. Ásíìdì ni mo wá ń kán sí i títí pupa yẹn á fi padà, mo sì máa ń dáwọ́ dúró wò ó lẹ́yìn ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan.

Kaolin, irú amọ̀ kan, ló pọ̀ jù nínú amọ̀ ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ìjókòó ara rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí pH bá ṣe ń gòkè. Ó jọ pé pH 7 ni láàbù tó ní 9 lò, ó sì ti ka ìjókòó tí oko yín, tó wà ní 4.9, kò tíì ní. Ó jọ pé èkejì ṣírò ohun tó wà lára amọ̀ gan-an, ó sì fi KCl (iyọ̀ potáṣíọ̀mù) yọ kíkan ilẹ̀ náà kún un. 4 yẹn ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́. Kì í ṣe àbùkù: CEC kaolin kì í sábà kọjá 15 cmol/kg (ìwọ̀n tí a fi ń ka CEC), nígbà tí montmorillonite, amọ̀ tó ń wú lójò tó ń sán lẹ́ẹ̀rùn, lè dé 100.

Nítorí náà, ẹ má da ajílẹ̀ potáṣíọ̀mù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òjò á gbé e lọ. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì máa fi ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà kún ilẹ̀.

Ẹ tún bi láàbù méjèèjì pé pH wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí àwọn méjèèjì bá dáhùn pé 7, ẹ ní kí wọ́n tún un wọ̀n: ibi ṣíṣàn ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.