Cornflour tí wọ́n ní kí o fi sí kéèkì

Àbúrò, o ní kéèkì tí o wò ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì le, kò sì kúnná lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ cornflour tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà lo rà. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n tà fún ẹ. L'Óṣogbo níbí, tí o bá pe cornflour fún ẹlẹ́lùbọ́ ní Ọjà Ọba, èyí tí wọ́n lọ̀ fún túwó ló máa wọ̀n. Kò rẹ́ ẹ jẹ o, ohun tí ará Amẹ́ríkà náà ń pè bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni tiwọn yàtọ̀: sítáàṣì àgbàdo ni wọ́n ń pè ní cornflour, tí Amẹ́ríkà ń pè ní cornstarch. Wọ́n ń bù ú mọ́ fùláwà kí kéèkì lè rọ̀. Ó funfun, ó kúnná bí àtíkè, tí o bá sì fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, á máa dún. Tí o bá ti rí èérún èèpo nínú ẹ̀, dá a padà. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta èròjà kéèkì ni kí o lọ. Ẹni tó bá ní kí o fi ògì gbígbẹ dípò, má dá a lóhùn. Ògì ti kan.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Òkè-Fìà, mi ò kí ń jẹ́ kí wọ́n já fùláwà kí wọ́n tó mọ ìlú ẹni tó kọ ìlànà kéèkì náà. Plain flour, caster sugar, gíráàmù: Gẹ̀ẹ́sì ni. All-purpose flour, cup, stick: Amẹ́ríkà ni. Stick bọ́tà kan jẹ́ gíráàmù 113, kò tó ìdajì bọ́tà 250 tiwa. Cup wọn gba nǹkan bíi mìlílítà 240, kì í ṣe agolo mílíìkì, kì í sì í ṣe kọ́ọ̀pù tí o fi ń mu tíì. Tí wọ́n bá ní kí ààrò gbóná dé 350, Fahrenheit ni wọ́n ń sọ; 180 ni lórí ààrò tó ń ka Celsius. Ọmọ kan lọ yí tiwa dé òpin. Èédú la kó jáde.

Bicarbonate of soda àti baking soda, ọ̀kan náà ni wọ́n. Baking powder kọ́ o, soda le jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta.

Biscuit Amẹ́ríkà rọ̀ bíi búrẹ́dì, wọ́n tiẹ̀ ń da ọbẹ̀ lé e. Candied yams wọn tí o tún ní o fẹ́ dán wò yẹn, ànàmọ́ ni. Má lọ bẹ iṣu.