Èsì: Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ íntánẹ́ẹ̀tì wà?

Ẹ kú iṣẹ́, ará Iléṣà tó béèrè bóyá íntánẹ́ẹ̀tì ń gba agbára lọ́wọ́ aláṣẹ ni àbí ó ń fi kún un. Ó ń ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n ọgbọọgba kọ́. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2020, Twitter ni àwọn ọ̀dọ́ fi pe ara wọn jáde lórí ọ̀rọ̀ SARS, ikọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n fẹ̀sùn ìwà ipá kàn. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter yẹn pa. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà ni wọ́n pàṣẹ fún, torí ọwọ́ ìjọba ni ìwé àṣẹ wọn ti ń wá. Ó di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ó dùn mí pé a tètè gbàgbé èyí.

Síbẹ̀, ẹ̀rí ṣì ń ká aláṣẹ lára. Bí ẹ bá ya fídíò kòtò ojú títì ní Lagere, n'Ífẹ̀ níbí, ẹ ya pátákó ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, kí ibi tó wà lè hàn. Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fídíò lásán: á fún un pọ̀, àkọsílẹ̀ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á á sì bọ́ dànù, àwọn aláṣẹ á wá ní fídíò èṣí ni. "Document" ni kí ẹ tẹ̀, kí ojúlówó rẹ̀ sì wà lórí fóònù yín.