Bí n kò bá sí ní ilé iṣẹ́, iṣẹ́ a dúró: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ilé iṣẹ́ àdìrẹ ni mo ní ní Abẹ́òkúta, Ìtòkú ni mo sì ti ń tà. Òṣìṣẹ́ mi ti di 14 báyìí. Mo fi ọmọbìnrin kan tó mọ iṣẹ́ dáadáa ṣe alábòójútó wọn, síbẹ̀ bí mo bá ti lọ sí Èkó láti ra aṣọ funfun, fóònù mi kì í sinmi, iṣẹ́ a sì dúró títí n ó fi dé. Àwọn àgbà inú wọn kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Àbúrò ọkọ mi tó wà níbẹ̀ a sì tún máa pàṣẹ tirẹ̀. Ṣé kí n wá alábòójútó mìíràn ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì wá ẹlòmíràn. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, n kò rí ibi tí ọmọbìnrin náà ti kùnà. Ẹ fún un ní iṣẹ́, ẹ kò tíì fún un ní àṣẹ. Ìpinnu ṣì wà lọ́wọ́ yín ní Èkó, gbogbo ẹni tó wà ní ilé iṣẹ́ náà ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gba ẹlòmíràn síbẹ̀ láìyí èyí padà, ohun kan náà ni yóò bá a.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí aró gan-an. Ká ní wọ́n ń ṣe aṣọ ẹbí fún oníbàárà kan. Wọ́n ti fi àbẹ́là yíyọ́ tẹ iṣẹ́ sára aṣọ, kọ́sítíìkì àti haidiró, àwọn kẹ́míkà tí a fi ń po aró, ti wọ inú rẹ̀, wọ́n ti ri aṣọ àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n fà á jáde tí atẹ́gùn sì fẹ́ sí i, àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú tó èyí tí oníbàárà mú wá. Alábòójútó yín mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n fi haidiró díẹ̀ kún un, kí wọ́n sì tún un rì, ṣùgbọ́n owó ni, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ó lè ná an. Ó pè yín, ẹ wà láàrin ọjà, ẹ kò gbọ́. Bẹ́ẹ̀, aró tí a ti pò kì í dúró de ènìyàn, nítorí atẹ́gùn tó ń kàn án ń dín agbára haidiró inú rẹ̀ kù. Nígbà tí ẹ ó bá fi pè padà, aró tó wà nínú ike náà ti yàtọ̀ sí èyí tí alábòójútó fẹ́ bi yín léèrè nípa rẹ̀. Ẹni tó wà nídìí aró ló lè rí i, òun náà ló sì yẹ kó pinnu.

Henri Fayol, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé tó darí ilé iṣẹ́ ìwakùsà ńlá kan láti 1888 sí 1918, kọ ọ́ ní 1916 pé àṣẹ àti ojúṣe kò gbọdọ̀ ya ara wọn: ẹni tí a ó bi léèrè bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ gbọ́dọ̀ ní agbára láti má ṣe jẹ́ kí ó bàjẹ́. Bí ẹ ti ń fi àṣẹ lé e lọ́wọ́, ojúṣe tiyín níwájú oníbàárà kò kúrò lọ́rùn yín. Ìdí nìyẹn tí àṣẹ náà fi gbọ́dọ̀ ní ààlà tó hàn kedere, kí ó sì wà lórí ìwé.

Ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ jọ kọ ohun tó lè ṣe láìbéèrè: ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ wo lójúmọ́, aṣọ tí wọn yóò tún rì, aṣọ tí kò dára tó láti jáde, àti ohun èlò tó lè rà. Ẹ kọ èyí tó gbọ́dọ̀ bi yín kí ó tó ṣe é: dídín owó kù fún oníbàárà, gbígba iṣẹ́ tó ju agbára ilé iṣẹ́ lọ, lílé òṣìṣẹ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà tilẹ̀ sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ṣe èyí fún òun àti àwọn yòókù, ẹ fi kún iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ti owó, ẹ ya iye kan sọ́tọ̀ fún un, ká ní ₦40,000. Kí ó gba rìsíìtì lórí gbogbo ohun tó bá rà. Bí rìsíìtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ bá jẹ́ ₦23,500, owó tó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦16,500. Ẹ ó gba rìsíìtì náà, ẹ ó sì fún un ní ₦23,500 kí owó náà lè tún pé. Ọ̀nà àtijọ́ ni láàárín àwọn oníṣirò owó, ó sì dáàbò bo òun náà lọ́wọ́ ìfura. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni kan náà tó ń kọ iye aṣọ tó jáde.

Ẹ lè máa rò ó pé ó sàn kí ẹ máa darí àwọn 14 náà fúnra yín. V. A. Graicunas, onímọ̀ nípa ìṣàkóso iṣẹ́, ṣe ìṣirò kan ní 1933, ó ka àjọṣe ọ̀gá pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti pẹ̀lú oríṣiríṣi àkójọpọ̀ wọn, ó sì ka èyí tó wà láàárín àwọn fúnra wọn mọ́ ọn. Ọ̀gá tó ní ènìyàn 5 lábẹ́ rẹ̀ ní àjọṣe 100, ẹni tó ní 6 ní 222. Fún ènìyàn 14, ó ju 114,000 lọ. Lójú tèmi, iye yẹn pọ̀ ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ ìdí tí ohun tó rọrùn nígbà tí ẹ ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin fi ń tán yín lókun báyìí.

Ọ̀ràn àwọn àgbà ló gba sùúrù jù lọ. Ẹni tó ti ń pa aṣọ láró kí wọ́n tó bí alábòójútó yín kò ní ṣàdédé máa gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, kò sì yẹ kí a bú u nítorí rẹ̀. Ẹ pè wọ́n jọ, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ohun tí ẹ ti fi lé e lọ́wọ́, níṣojú òun náà. Ọmọ náà lè kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, kí ó sì sọ fún wọn lẹ́yìn náà pé aṣọ wo ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Ọ̀kan kò ba èkejì jẹ́. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ yín ló kù sí. Nígbà tí àgbà kan bá pè yín lórí fóònù, ẹ bi í pé, “Kí ni alábòójútó sọ?” Ohun tó bá sọ, òun ni kí wọ́n ṣe. Bí ìpinnu rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ bá a sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀ nígbà tí ẹ bá dé. Bí ẹ bá yí i padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú wọn, wọn yóò máa pè yín títí.

Fayol yìí náà sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín wà. Ẹbí ni, ẹ kò lè tì í sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ lè fún un ní ààyè tirẹ̀ tí kò ní ọwọ́ ẹlòmíràn nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe pín agbára láyé àtijọ́: Ògbóni ń rí sí ìlú àti ìdájọ́, Olórógun sí ogun, Pàràkòyí sí òwò. Bí ó bá mọ ọjà, ẹ fi ìsọ̀ Ìtòkú àti kíkó aṣọ fún oníbàárà lé e lọ́wọ́ pátápátá, kí ìdí aró sì jẹ́ ti alábòójútó. Kí ọkọ yín kọ́kọ́ gbọ́ sí i, kí òun sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́ fún un.

Kí alábòójútó máa kọ ohun tó yàtọ̀ sí bó ti yẹ sínú ìwé kan: aṣọ tó bàjẹ́, iṣẹ́ tó pẹ́, owó tó kọjá ààlà. Frederick Taylor, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti gba àwọn ọ̀gá nímọ̀ràn yìí láti 1903, pé kí wọ́n fi àkókò wọn sórí ohun tó yàtọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí èyí tó ń lọ déédéé máa lọ. Ìwé yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà bí ẹ bá ti Èkó dé.

Ohun kan kù tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. Ọjọ́ tí ẹ bá fi àṣẹ yìí lé e lọ́wọ́ ni kí ẹ fi kún owó oṣù rẹ̀, kí ẹ sì kọ iye náà sínú ìwé kan náà.