Ìbéèrè Yín: Ṣé SSD kan ṣoṣo lè gbé cache àti VM pọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní sáfà kékeré kan nílé tí mò ń lo Unraid (ètò tó ń ṣàkóso sáfà) lórí ẹ̀, hàádì dísìkì mẹ́rin, RAM 32 GB, nẹ́tíwọ́kì gigabit. VM (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Windows kan, Linux méjì, pẹ̀lú container (àpò tí ètò kọ̀ọ̀kan ń dá ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀) bíi mẹ́wàá, orí hàádì dísìkì yẹn náà ni gbogbo wọn wà, bí mo bá tan Windows yẹn mo lè lọ wẹ̀ kí n dé kó ṣì máa yí róbótó. Mo ní SSD SATA 500 GB méjì tí mo yọ lára láptọ́ọ̀pù àtijọ́, motherboard mi sì ní ojú M.2 méjì. Ohun tí mo rò ni pé kí n ra NVMe (SSD tó ń wọ ojú M.2, tó yá ju SATA lọ) 2 TB kan, oríṣi QLC ni torí òun ni owó ẹ̀ rọ̀ jù, kí n kó cache àti VM sórí ẹ̀, kí n sọ àwọn SATA nù. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ń pariwo pé àfi kí n ra èyí tó ń lo PCIe 4.0, ọ̀nà tó yá ju 3.0 lọ. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ dúró ná, ẹ má tíì sọ SATA nù, a ṣì máa lò wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti cache. Fáìlì tẹ́ẹ bá ń kó bọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà yín á kọ́kọ́ balẹ̀ sórí SSD, tó bá di òru, mover, ètò kan nínú Unraid, á kó o lọ sórí hàádì dísìkì. Ṣùgbọ́n inú wáyà nẹ́tíwọ́kì ló ń gbà kó tó débẹ̀, gigabit ò sì lè gbé ju bíi 110 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí SSD SATA tẹ́ẹ fẹ́ sọ nù yẹn lè gba bíi 500. Ife lẹ fi ń bu omi sínú àgbá, bẹ́ẹ bá fẹ ẹnu àgbá náà títí, ife ṣì ni ife. Kódà tẹ́ẹ bá bọ́ sórí 2.5 gigabit, bíi 280 MB náà ni, SATA ò ní là á òógùn. Ó dìgbà tẹ́ẹ bá dé 10 gigabit kí n tó ní kẹ́ẹ fi NVMe ṣe cache.

Ti VM yàtọ̀ pátápátá. Hàádì dísìkì mọ nǹkan gbé o, tó bá jẹ́ fíìmù gígùn kan ló ń kà, ẹ ò ní gbúròó wàhálà kankan. Àmọ́ VM kì í béèrè bẹ́ẹ̀, nǹkan kéékèèké ló ń béèrè, ẹyọ kan níbí, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, orí tó ń ka dísìkì á wá máa sáré kiri, dísìkì tó ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan sì máa ń lo bíi millisecond 8 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan, torí ẹ̀ ìbéèrè bíi 100 tàbí díẹ̀ lé ló lè dáhùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, VM mẹ́ta àti container mẹ́wàá wá ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà! SSD èyíkéyìí, kódà ti SATA, á dáhùn ju 10,000 lọ dáadáa. Kẹ́ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín kó rọra: PCIe 3.0 á kà tó bíi 3,500 MB, 4.0 bíi 7,000, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ nígbà tí Windows bá ń tàn. Owó eré yẹn, ẹ fi ra SSD oríṣi TLC.

Kí ni mo ní lọ́kàn pẹ̀lú QLC? Bit mẹ́rin ló ń há sínú ojú ìpamọ́ (cell) kan níbi tí TLC ń kó mẹ́ta sí, ìyẹn ló jẹ́ kó rọjú, òun náà ló jẹ́ kó lọ́ra tẹ́ẹ bá ń kọ nǹkan sí i. Wọ́n máa ń fi apá kan bo àṣírí ẹ̀, apá yẹn ń yára, tó bá ti kún tán eré á já wálẹ̀ débi tí hàádì dísìkì lè fi yá jù ú lọ. Ó tún tètè ń gbó: Intel 660p ti 1 TB, QLC ni, 200 TBW (iye terabyte tí wọ́n ṣèlérí pé ẹ lè kọ sí i) ni wọ́n kọ sí i, Samsung 970 EVO ti 1 TB, TLC, 600 ni. VM ò sì sinmi, bẹ́ẹ ń sùn ó ń kọ log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣe). Tó bá jẹ́ fíìmù lẹ fẹ́ kó sí QLC kẹ́ẹ máa kà á, mi ò ní bá yín jà.

Ohun tí mo máa ṣe rèé. NVMe TLC 1 TB méjì sójú M.2 méjèèjì, mirror (ohun kan náà lórí méjèèjì), fún VM àti container nìkan. SATA méjèèjì, mirror, fún cache. Láti Unraid 6.9 lẹ ti lè ní pool (àwọn SSD tẹ́ẹ so pọ̀ bíi ẹyọ kan) ju ẹyọ kan lọ. Ẹ má kó wọn pọ̀, torí ọjọ́ tẹ́ẹ bá da fáìlì ńlá sí cache tó kún dẹ́nu, VM tó bá fẹ́ kọ nǹkan tí ò ráyè á kàn dúró gbagidi. Cache náà sì nílò mirror, fáìlì tí mover ò tíì kó, parity (dísìkì tó ń jẹ́ kẹ́ẹ rí dátà yín padà bí hàádì dísìkì kan bá kú) ò dáàbò bò ó. Fún filesystem (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí dísìkì), Btrfs tàbí ZFS ni kẹ́ẹ lò, XFS ò mọ mirror.

Ẹ má ra NVMe méjì yẹn ní oríṣi kan náà tẹ́ẹ bá lè ṣe é. Ní 2019, HPE, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sáfà, kéde pé àwọn SSD wọn kan máa kú tí wọ́n bá pé wákàtí 32,768 géérégé lẹ́nu iṣẹ́, ẹ wo méjì tí wọ́n tàn lọ́jọ́ kan náà. Mirror kì í sì í ṣe backup o! Èmi fúnra mi ti pa VM kan rẹ́ rí, mirror mi bá mi pa á rẹ́ níbi méjèèjì lójú ẹsẹ̀, bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbọ́ràn.

Kẹ́ẹ tó sanwó, ẹ ka ìwé motherboard yín, àwọn kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ẹ bá ti ki NVMe sí M.2, ojú SATA kan tàbí méjì á pa, mẹ́fà lẹ sì nílò.

Ìbéèrè: Proxmox (ètò mìíràn tó ń gbé VM) lèmi ń lò pẹ̀lú ZFS, RAM 16 GB. Wọ́n ní kí n ra SSD kan fún L2ARC (cache kejì tí ZFS ń fi sórí SSD), òmíràn fún SLOG. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: RAM ni kẹ́ẹ rà. L2ARC fúnra ẹ̀ ń jẹ RAM kó tó lè mọ ohun tó kó pamọ́, ẹ̀yin tẹ́ẹ ní 16 lẹ tún fẹ́ gé níbẹ̀? Ẹ fi àṣẹ arc_summary wo iye ìbéèrè tí ARC, cache ZFS inú RAM, ń dáhùn, tó bá ti ju 90% lọ ẹ ti yó. SLOG kì í ṣe cache rárá, sync write (kíkọ tí ètò máa ń dúró títí ó fi dájú pé ó ti wà nípamọ́) nìkan ló ń ràn lọ́wọ́, bíi ti database tàbí NFS (pínpín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́kì), kò sì ju dátà ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tó ń dì mú, 16 GB ti pọ̀ jù fún un lórí gigabit. Èyí tẹ́ẹ bá sì máa lò gbọ́dọ̀ ní capacitor tó máa gbé e dúró tí iná bá lọ lójijì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí lẹ rà á fún?

Ìbéèrè: SSD VM mi yá gan-an níbẹ̀rẹ̀, ó ti wá ń wọ́lẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ wò ó bóyá ó ti kún kọjá 80 tàbí 90%. Tí kò bá kún, ẹ lọ sínú ètò dísìkì VM náà kẹ́ẹ tan discard, kẹ́ẹ wá ṣe fstrim nínú Linux, torí fáìlì tẹ́ẹ pa nínú VM, SSD ò tíì gbọ́ pé ẹ ti pa á.