Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù

Ẹ̀yin màmá wa tí ẹ ti pẹ́ nílẹ̀ òyìnbó, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Dámilọ́lá ọmọ mi, ọmọ ọdún 16, a máa yí padà pátápátá bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹkún, ìbínú òdì, kò ní sùn. Tó bá ti rí i, ara rẹ̀ á balẹ̀. Dókítà dárúkọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, bàbá rẹ̀ fárígá. Àǹtí ọkọ mi ní ká gbé e lọ fún ìdáǹdè. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Dámi, Birmingham.

Ìyá Dámi, ẹ kú ìrọ́jú. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, àyà mi já.

Ọmọ ọdún 15 ni tèmi nígbà náà, ní Leeds níbí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó ti ń fi ìlẹ̀kùn yàrá gbá mọ́ wa lójú láti ọjọ́ mélòó kan, mo pè é ní àrífín. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ pè mí níbi iṣẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ti jáde, kò wọ kóòtù, kò mú fóònù. Òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ reluwé kan ló rí i níbi tó dá jókòó sí, ní ìpẹ̀kun ibi tí èrò ti ń wọkọ̀. Obìnrin náà ń bá a sọ̀rọ̀ títí mo fi dé. Ọmọ mi sọ fún un pé òun ò mọ ohun tí òun wá ṣe níbẹ̀. Ìdájí ọjọ́ kejì ló rí nǹkan oṣù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti ń jẹ ìrẹsì, ó ń bá àbúrò rẹ̀ ṣeré. Èmi ò lè gbé oúnjẹ mì. Ó ti wọ yunifásítì báyìí, síbẹ̀ tí mo bá pè é tí kò gbé e, ọjọ́ tí oṣù dé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Nítorí náà, ẹ bi í, ẹ sọ ọ́ gbangba: ṣé ó máa ń ṣe é bíi pé kó má sí láyé mọ́? Bíbi í kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dúró de nǹkan oṣù. Ẹ pe NHS 111, nọ́ńbà ìlera ìjọba níbí, kí ẹ tẹ 2 fún ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ, tàbí 999 bí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé. Kó máa kọ bí ara àti ọkàn rẹ̀ ṣe rí lójoojúmọ́ fún oṣù méjì, àti ọjọ́ tó dára àti èyí tí kò dára. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ṣáájú ló ń le, tó sì ń rọlẹ̀ bí nǹkan oṣù bá ti dé, dókítà á mọ ohun tó ń bá jà. Bó bá le jálẹ̀ oṣù, nǹkan mìíràn ni, ìyẹn náà ní ìtọ́jú. Èyí tó burú jù nínú ìṣòro tó ń ṣáájú nǹkan oṣù ni wọ́n ń pè ní PMDD (premenstrual dysphoric disorder). Hòmóònù, ìyẹn èròjà inú ara tó ń darí nǹkan oṣù, ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá, ọpọlọ rẹ̀ ni kò gba bó ṣe ń lọ sókè sódò.

Oorun, ìrìn àti dídín kọfí kù ran tèmi lọ́wọ́ díẹ̀. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí náà ló ràn án lọ́wọ́ jù, torí kì í jẹ́ kí ẹyin jáde. Tiyín, èmi ò lè sọ. Ẹ ṣáà sọ fún dókítà bó bá máa ń ní ẹ̀fọ́rí tí ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ máa rí mànàmáná, torí wọn kì í fún irú wọn ní èyí tó ní hòmóònù estrogen. Bí ẹ bá ra fítámì B6, kó má ju mílígíráàmù 10 lọ lójúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà ní kó jù bẹ́ẹ̀. Àpọ̀jù rẹ̀ a máa ba iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára kiri ara jẹ́. Agbo tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ilé, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà kó tó lò ó.

Àwọn kan sọ fún mi pé ká ní Ìjẹ̀bú-Òde la wà ni, àwọn àǹtí rẹ̀ ì bá ti fojú sí i. Ó dùn mí, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá. Bí màmá mi bá pè, “Ẹ kú alẹ́ mà” lòun mọ̀, kò sì lè sọ ohun tó ń ṣe é fún un. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá sanwó ilé bí mo bá jókòó sílé kọ́ ọ? Nílé náà, “ara obìnrin nìyẹn” ni wọ́n sọ fún èmi. Mi ò rántí ẹni tó bi mí bí ọkàn mi ṣe rí.

Àdúrà, ẹ gbà á, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ebi pa á tàbí nà án lórúkọ ìdáǹdè. Ní ti bàbá rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ìṣòro yìí kì í ṣe àṣà àwọn ọmọ ìwòyí: láti 1953 ni Katharina Dalton, dókítà kan ní London, ti ń kọ̀wé lórí rẹ̀. Kó bá yín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí Dámi ka ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ fún dókítà fúnra rẹ̀, kí bàbá rẹ̀ wà ní ìjókòó, bí ọmọ náà bá gbà.