Ìdáhùn sí lẹ́tà: Ṣé ọ̀lẹ ni mí ni, àbí ayé ń ṣe mí?

Ọmọ Aláàdìrẹ mi tó kọ̀wé láti Òkè-Baálẹ̀, mo rí lẹ́tà ẹ gbà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, ọkàn mi ò sì tíì kúrò lára ìkòkò àbẹ́là yẹn.

Káwọn tó kù lè bá wa débẹ̀: ọmọ yunifásítì ni, 300 level, ó ti wà nílé lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ l'Óṣogbo láti oṣù kẹta ọdún 2020 yìí tí wọ́n ti ti iléèwé torí kóróná, tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, náà sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun kì í gbé fóònù sílẹ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìdájí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá màmá ẹ̀ ní kó dúró ti àbẹ́là tó ń yọ́ lórí sítóòfù káwọn fi ra nǹkan dé, fídíò ló ń wò, ìgbà tó máa gbójú sókè èéfín ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, iná ti mú ìkòkò, fóòmù tí wọ́n fi ń tẹ bátánì sára aṣọ ti yọ́ mọ́lẹ̀. Ó sọ fún wọn pé inú ló ń run òun. Ó wá ń bi mí pé ṣé ọ̀lẹ lòun ni àbí ayé ń ṣe òun.

Rárá o. Ìwọ kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe ẹ́. Inú lẹ́tà ẹ fúnra ẹ ni mo ti rí i. O ní ìgbà tí wọ́n kó àwọn tó ti Ivory Coast dé sí Èjìgbò, tí iye àwọn tó ní kóróná lọ́dọ̀ wa l'Ọ́ṣun ṣàdédé fò sókè, bàbá ẹ ń húkọ́, o ò rẹ́ni sọ fún pé ẹ̀rù ń bà ẹ́, lo bá ń dúró de NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, lórí Twitter lálaalẹ́, torí alẹ́ pátápátá ni wọ́n máa ń gbé iye ọjọ́ náà jáde, ìgbà míì ó ń sún mọ́ aago méjìlá. O máa wá "Ọ̀ṣun" nínú lísìtì yẹn. Tó bá wà níbẹ̀ àyà ẹ á já, tí kò bá sí níbẹ̀ ara á tù ẹ́, èyíkéyìí tó bá jẹ́ oorun ti lọ, o máa ní jẹ́ n wo fídíò kan péré kí n fi gbàgbé. Ọmọ mi, ibẹ̀ ló gbà wọlé. Ara bàbá ti yá báyìí, ọjà ti ṣí, àmọ́ alẹ́ ẹ ò tíì padà sọ́wọ́ ẹ.

Kó o sì mọ̀ pé wọ́n dìídì ṣe nǹkan yẹn kó má tán ni. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Aza Raskin, ló ṣe é lọ́dún 2006 tí ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ò fi ní ìsàlẹ̀ mọ́, bó o ṣe ń fà á ló ń bí òmíì, òun fúnra ẹ̀ ti jáde sọ pé ó dun òun. Eré òṣùpá pàápàá, ìyá á pọmọ wọlé. Ta ló máa pe èyí wọlé, nígbà tí ò sí kíláàsì aago mẹ́jọ tó ń dúró dè ẹ́ láàárọ̀?

O ní o ti yọ TikTok kúrò lẹ́ẹ̀mẹta, o tún dá a padà kílẹ̀ tó mọ́. Má wulẹ̀ yọ ọ́ mọ́, má sì búra. Tó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, gbé fóònù àti ṣájà ẹ̀ lọ sí yàrá màmá ẹ, kó sùn níbẹ̀. Tó bá jẹ́ àláàmù lo ń rò, ra aago kékeré l'Ọ́jà-Ọba. Iye NCDC ò ní sá lọ kílẹ̀ tó mọ́. Alẹ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ máa le, ọwọ́ ẹ á máa wá a lábẹ́ pílò, mo mọ̀ torí mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi là á kọjá lọ́dún yìí kan náà, ó sunkún lálẹ́ ọjọ́ kejì. Tó bá lé lóṣù kan tóorun ò wá, tí àyà ṣì ń já ẹ, lọ rí dókítà nílé ìwòsàn ìjọba, kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá.

Ọ̀sán ńkọ́? Bọ́ sídìí aró. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tí aró ti kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́, ibo ló ti fẹ́ ráyè tẹ fóònù? Àmọ́ o, tí àbẹ́là bá tún gbiná, má da omi sí i láéláé, pa sítóòfù kó o fi ọmọrí dé e.

Irọ́ inú rírun yẹn ló dùn mí jù, torí àgbo ni màmá ẹ ń sè fún ẹ látọjọ́ yẹn. Fi owó dátà ọ̀sẹ̀ yìí ra fóòmù, wá abẹ tó mú, gé bátánì tó jóná yẹn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kó o kúnlẹ̀ kó o gbé e fún wọn, kó o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, títí kan ẹ̀rù tó bà ẹ́ nígbà tí bàbá ń húkọ́. Kọ̀wé sí mi tí wọ́n bá ti fèsì.