Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Mọ́tò Yín Náà, Àlejò Ni

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìbéèrè tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ nígbà tí mo kà wọ́n tán mo rí i pé márùn-ún nínú wọn ló ń sọ ohun kan náà: èèyàn ń wa mọ́tò lọ sọ́nà jíjìn, ó ní ọ̀rẹ́ kan nílùú ńlá kan tó wà lójú ọ̀nà, ó sì fẹ́ yà síbẹ̀ sùn. Mo ní ẹ jẹ́ n kúkú kó wọn pọ̀ ká jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wa méjì fẹ́ wa mọ́tò lọ ọ̀nà jíjìn tí wọ́n bá gba họ́lídè. Ọjọ́ kẹta la máa dé ìlú ńlá kan tí ọ̀rẹ́ mi tá a jọ kàwé ń gbé, ó sì ti ní ká wá sùn ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ òun. Inú mi ń dùn àmọ́ àyà mi ń já, torí mi ò wa mọ́tò nírú ìlú bẹ́ẹ̀ rí. Kí ni kí n kọ́kọ́ múra sílẹ̀ fún?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè ná. Ẹ ti sọ fọ́rẹ̀ẹ́ yín pé èèyàn mẹ́rin ń bọ̀, àbí? Ó dáa. Ṣé ẹ ti sọ fún un pé mọ́tò kan náà ń bọ̀? Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti máa ń ṣì í nìyẹn. Mọ́tò yẹn ni àlejò karùn-ún, òun náà á wá ibi sùn, ẹ sì wá wò ó, ọ̀pọ̀ ará ìlú ńlá ni kò ní mọ́tò rárá, bọ́ọ̀sì àti rélùwéè ni wọ́n ń wọ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti débẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní "ṣé ibi tá a lè páàkì sí wà níwájú ilé yín?" wọ́n á ní "ó wà dáadáa, mo máa ń rí mọ́tò níbẹ̀," wọn ò mọ̀ pé àwọn tó ń gbé àdúgbò yẹn tí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ nìkan ló ni ibẹ̀. Torí náà ẹ má bi í bóyá àyè wà. Ẹ ní kó bọ́ síta, kó fi fóònù ya fọ́tò pátákó tó wà lójú títì yẹn, kó fi ránṣẹ́ sí yín. Aago tí wọ́n ń gbowó, ọjọ́ tí ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ páàkì, iye wákàtí tẹ́ ẹ lè fi mọ́tò síbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà lára pátákó yẹn. Ní New York fún àpẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ títì ló jẹ́ pé láwọn ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbé mọ́tò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkọ̀ tó ń gbálẹ̀ lè ráyè kọjá. Ẹni tí ò kà á á sùn dáadáa, á jí, á sì bá ìwé ìtanràn lára gíláàsì iwájú.

Ẹ tún wádìí bóyá ìlú yẹn ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá wa mọ́tò wọ àárín ìgboro. Kì í ṣe nǹkan tuntun o. Singapore ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti 1975, London tẹ̀ lé e ní 2003, Stockholm fìdí tiẹ̀ múlẹ̀ ní 2007, New York náà bẹ̀rẹ̀ ní Manhattan lóṣù kìíní 2025. Ohun tó ń tan àlejò jẹ ni pé kò sí géètì, kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró. Lọ́pọ̀ ibẹ̀, kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà mọ́tò, ẹ̀yin á máa bá tiyín lọ bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ní London, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rántí pé ẹ jẹ gbèsè, kẹ́ ẹ sì lọ san án, tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ìtanràn ló ń bọ̀ yẹn.

Ohun témi máa ń ṣe báyìí, ní etí ìlú ni mo ti máa ń fi mọ́tò sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ló ní ibi tí wọ́n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè pé kẹ́ ẹ páàkì síbẹ̀ kẹ́ ẹ wọ rélùwéè lọ sígboro. Ẹ di aṣọ àti bọ́rọ́ọ̀ṣì ọjọ́ méjì yẹn sínú báàgì kan ṣoṣo, òun ni kẹ́ ẹ kó sí bùútù gbẹ̀yìn kó lè wà lókè, ẹ ò ní tú gbogbo ẹrù lójú títì níbi tí ọmọ kan ti ń sunkún tí èkejì ń wá bàtà.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ká jọ rẹ́rìn-ín. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi kan ní ibi ìpáàkì wà lábẹ́ ilé àwọn, pé àyè pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Òótọ́ ló sọ, àyè pọ̀. Àmọ́ àwa ti de àpótí ńlá kan mọ́ orí mọ́tò, irin kan sì wà ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ tí wọ́n kọ mítà 2 sí lára. Mo mọ bí mọ́tò mi ṣe ga, mo gbàgbé àpótí. Mo ṣáà gbọ́ kẹ̀ẹ̀ẹ̀ lókè orí mi, mo tẹ búrẹ́kì, mo wẹ̀yìn, mọ́tò mẹ́ta ti tò sẹ́yìn mi, gbogbo wọn ń fọn fèrè. Ọ̀rẹ́ mi sáré jáde pẹ̀lú sílípáàsì ẹsẹ̀ kan, ó ń bẹ onímọ́tò kọ̀ọ̀kan pé kó sún sẹ́yìn. Ọjọ́ yẹn ló tó mọ̀ pé nǹkan wà lára irin yẹn, torí ẹsẹ̀ ló fi ń wọlé látìgbà tó ti ń gbébẹ̀. Látìgbà yẹn mo máa ń wọn mọ́tò pẹ̀lú ẹrù orí ẹ̀, màá kọ iye ẹ̀ sórí bébà, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sítíárín.

Ti táyà ò gba àlàyé púpọ̀: ẹ wọn atẹ́gùn ẹ̀ láàárọ̀ kó tó gbóná, iye tó wà lára férémù ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà lẹ máa tẹ̀ lé, kì í ṣe èyí tó wà lára táyà fúnra ẹ̀, ìyẹn ni ibi tó le dé.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan tá a jọ dàgbà sọ fún mi pé "ìgbà tó bá wù ẹ́ ni kó o dé." Aago 11 kọjá lálẹ́ la dé, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká wa mọ́ bá a ṣe ń wọ̀lú. Ó ṣílẹ̀kùn, ó kí wa, àmọ́ ojú ẹ̀ ò dán. Kó tó di pé ilẹ̀ mọ́ ó ti jáde lọ síbi iṣẹ́, kò tiẹ̀ jí wa. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni, àbí ó ń gbéra ga torí pé ìlú ńlá ló ń gbé?

Ìdáhùn: Ẹ má bínú sí mi o, mi ò rí ìgbéraga kankan níbẹ̀, oorun ni mo rí. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín tó ní "ìgbà tó bá wù ẹ́," ìfẹ́ ló ń sọ, kì í ṣe aago. Ó ṣeé ṣe kó ti jókòó látaago 8 tó ń retí yín, kò lè wẹ̀, kò lè sùn, kó má di pé ẹ ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ aago 4 ààbọ̀ ló máa jí.

Nígbà míì ẹ má sọ aago kan pàtó, ẹ ní "láàárín aago 6 sí 8." Tó bá ku bíi wákàtí méjì kẹ́ ẹ dé, ẹ dúró níbi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ ra epo, kẹ́ ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ dé. Google Maps lè máa fi ìrìn yín hàn án lórí fóònù tiẹ̀ títí ẹ ó fi dé, ẹ ò ní máa tẹ fóònù lórí ìrìn. Àkókò tí fóònù bá sọ fún yín láàárọ̀, ẹ má fi búra. Gbogbo ìlú ló máa ń bọ́ sójú títì nígbà tí wọ́n bá ṣíwọ́ iṣẹ́, ẹni tó bá wọ̀lú lọ́sàn-án gangan tàbí lẹ́yìn aago 8 alẹ́ ló máa ń rí ojú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá sì ti rí i pé ó máa kọjá aago 10, ẹ wá hòtẹ́ẹ̀lì létí ìlú, kẹ́ ẹ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ pè é, ẹ ní "mo fi oorun dù ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, má bínú." Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: A rẹ́ńtì mọ́tò ní Ítálì, a wà á dé ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́ wa ní Florence. Ó pẹ́ tá a ti padà sílé kí lẹ́tà ìtanràn tó dé. Ọ̀rẹ́ wa ló júwe ọ̀nà o! Ṣé kò yẹ kó san ìdajì?

Ìdáhùn: Áà, ZTL ló mú yín. Àdúgbò tí wọn ò gbà kí mọ́tò àlejò wọ̀ láwọn wákàtí kan ni, ó wà ní Florence, ó wà ní Róòmù, ó wà láwọn ìlú wọn míì. Pátákó funfun tó ní òbìrí pupa ló máa ń wà níbẹ̀, kámẹ́rà á sì ya nọ́ńbà mọ́tò. Àwọn tó ni mọ́tò á fún ìjọba lórúkọ yín, wọ́n á sì tún gba owó iṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀. Ká sọ òótọ́, ẹ̀yin lẹ di sítíárín mú, ẹ̀yin lẹ máa san án. Tí ọ̀rẹ́ yín bá fúnra ẹ̀ ní òun fẹ́ dá sí i ṣá, ẹ má kọ̀ ọ́!

Ìbéèrè: Èmi ni wọ́n ń bọ̀ wá bá ní tèmi. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo ní. Ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ ní òun nìkan ni, ó ti wá di èèyàn mẹ́rin báyìí, mi ò sì mọ méjì nínú wọn rí. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní pè mí láhun?

Ìdáhùn: Ẹ sọ ọ́ lónìí. Èyí tẹ́ ẹ bá sọ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ètò ni, èyí tẹ́ ẹ bá sọ nígbà tí wọ́n ti ń já ẹrù, ìjà ni. Ẹ ní "èèyàn méjì ni ilé mi gbà, mo ti rí hòtẹ́ẹ̀lì kan tí kò jìnnà fáwọn méjì tó kù, ká jọ jáde lọ́sàn-án." Ẹ má ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, àlàyé tó bá ti pọ̀ jù, á dà bí irọ́.

Ìbéèrè: Témi àtọ̀rẹ́ mi bá ríra, a kì í sùn, ìtàn la máa ń sọ títí di aago 3 òru. Aago 5 ni mo sì máa ń gbéra kí n lè sá fún tìráfíìkì. Kọfí ni mo fi máa ń dènà oorun. Ìyàwó mi ní àwọn ò ní bá mi lọ mọ́ tí mo bá tún ṣe é. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Láàárín aago 2 sí 6 òru ni oorun máa ń wọ ara jù, ó tún máa ń padà wá láàárín aago 2 sí 4 ọ̀sán, ẹ̀yin sì ń bọ́ sójú ọ̀nà láàárín àkọ́kọ́ lẹ́yìn oorun wákàtí méjì péré. Kọfí tẹ́ ẹ mu, ó máa tó bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n kó tó ṣiṣẹ́, tó bá sì ṣiṣẹ́ tán, kì í san gbèsè oorun, ó kàn ń sún un síwájú ni. Wíńdò ṣíṣí àti rédíò tó ń pariwo ò ṣe nǹkan gidi kan. Ìwé òfin ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kẹ́ ẹ sinmi ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì, àwọn tó ń wa tírélà nílẹ̀ Yúróòpù, òfin ní kí wọ́n sinmi ìṣẹ́jú 45 tí wọ́n bá ti wà á fún wákàtí 4 ààbọ̀, àwọn yẹn sì rèé, iṣẹ́ wọn ni. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ẹ ò rántí kìlómítà díẹ̀ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, oorun ti gbé yín lọ nìyẹn tẹ́ ẹ tún padà.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má sọ̀tàn o, kí lẹ wá lọ ṣe nígbà yẹn? Alẹ́ tẹ́ ẹ bá dé ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sùn ọjọ́ kejì níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó máa lọ lọ́jọ́ kẹta. Tó bá jẹ́ alẹ́ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ sùn títí di aago 8, kẹ́ ẹ jáde ní aago 10, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ á ti kúrò lọ́nà, ẹ ò ní bá tìráfíìkì tẹ́ ẹ ń sá fún yẹn mọ́.

Ẹ ò sọ bóyá ìyàwó yín náà ń wa mọ́tò. Tó bá ń wà á, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ fún un kẹ́ ẹ lọ jókòó lẹ́yìn.